Ìdánwò Adáṣe fún Dìbọ́gà: Bí A Ṣe Lè Mú Un Rọrùn Kí Ó sì Dúró Ṣinṣin

Àṣamọ̀

Dìbọ́gà ni ohun èlò tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń wo inú ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí àṣìṣe fara pamọ́ sí. Òun náà jẹ́ ètò, ó sì lè ní àṣìṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe ìdánwò fún un. Iṣẹ́ yìí yẹ ìdánwò adáṣe wò, ìyẹn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀, lórí dìbọ́gà méjì tí ó gbajúmọ̀: GDB àti LLDB. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni ìdí tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fi máa ń kùnà nígbà tí nǹkan kò bàjẹ́, tí ó sì máa ń yege nígbà tí nǹkan bàjẹ́, àti ọ̀nà tí a lè gbà tún un ṣe. A tún mẹ́nu ba àkọtọ́ Yorùbá, nítorí pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ní ipa tí wọ́n ń kó nínú ọ̀rọ̀ náà.

1.0 Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti ra gààrí rí ní ọjà Òkè Arin ní Erékùṣù Èkó yóò mọ̀ pé kì í ṣe gààrí nìkan ni oníbàárà ń wò. Ó ń wo kọ́ńgò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kọ́ńgò wọ inú, gààrí lè funfun kí ó sì gbẹ dáadáa, owó rẹ̀ lè má pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ti rẹ́ ẹni tí ó rà á jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ dìbọ́gà rí. Òun ni akọ-ètò fi ń wọn iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Bí òṣùwọ̀n náà bá yẹ̀, kò sí bí iṣẹ́ ṣe lè dára tó tí kò ní dà bí ẹni pé ó bàjẹ́.

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni ‘ayọ-kòkòrò’. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà rí àfòpiná kan tí ó há sínú ẹ̀rọ ìṣirò tí a ń pè ní Mark II, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń pe àbùkù ara ẹ̀rọ ní kòkòrò tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n àfòpiná yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìtàn tí gbogbo olùkọ́ kọ̀ǹpútà ń sọ.

Iṣẹ́ tí dìbọ́gà ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Akọ-ètò yóò yan ìlà kan, yóò ní kí ètò dúró níbẹ̀. Ìyẹn ni a pè ní ibùdúró nínú iṣẹ́ yìí. Bí ètò bá ti dúró, dìbọ́gà yóò sọ iye tí ó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan, yóò sọ iṣẹ́ tí ó pe iṣẹ́ mìíràn títí tí a fi dé ibẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ètò máa rìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn. Ibi tí ó ti rí gbogbo èyí ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Kọ̀ǹpáílà, tí ó ń sọ ìwé akọ-ètò di èdè ẹ̀rọ, ni ó ń fi àkọsílẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì pé àṣẹ ẹ̀rọ báyìí ti inú ìlà báyìí wá, pé orúkọ báyìí wà ní ibi báyìí nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Ìlànà tí a fi ń kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ni DWARF. Ẹ̀yà rẹ̀ karùn-ún jáde ní ọdún 2017. Nígbà tí ó di ọdún 2021 ni kọ̀ǹpáílà GCC, ẹ̀yà 11, sọ ọ́ di èyí tí ó ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá ní kí ó lo òmíràn. Nítorí náà, ohun tí dìbọ́gà gbára lé kì í ṣe tirẹ̀: kọ̀ǹpáílà ń yí padà, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà ń yí padà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń yí padà.

Ohun tí ó mú mi ronú jinlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí ń kọ ètò ìṣirò owó fún aláṣọ kan níbẹ̀. Rìsíìtì tí ètò náà ń tẹ̀ jáde tọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi dìbọ́gà wo inú rẹ̀, òdo ni ó rí níbi tí ó yẹ kí àpapọ̀ owó wà. Ó gba dìbọ́gà gbọ́ ju rìsíìtì lọ. Ó tún ìlà tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣe, àpapọ̀ sì di ìlọ́po méjì fún odindi òwúrọ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ fojú inú wo ariwo tí àwọn oníbàárà pa. Nígbà tí ó ké sí mi, ohun tí mo rí ni pé kọ̀ǹpáílà rẹ̀ jẹ́ tuntun, dìbọ́gà rẹ̀ sì ti gbó. Ó ń ka àkọsílẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kà mọ́. N kò ní dárúkọ dìbọ́gà náà, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ti tún un ṣe. Ìbéèrè tí ó gbé mi lọ́kàn ni pé: ṣé wọn kò dán an wò kí wọ́n tó kó o jáde ni? Wọ́n dán an wò. Ìdánwò náà yege.

2.0 Bí àwọn ìdánwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Richard Stallman ni ó kọ́kọ́ kọ GDB ní ọdún 1986 fún iṣẹ́ GNU. Àwọn ìdánwò rẹ̀ dúró lórí ètò kan tí a ń pè ní DejaGnu, DejaGnu dúró lórí Expect tí Don Libes ṣe, Expect náà sì dúró lórí èdè Tcl. Èrò tí ó wà ní ìdí Expect rọrùn, ó sì wuyì: kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ènìyàn tí ó jókòó síwájú dìbọ́gà. Yóò tẹ àṣẹ, yóò dúró de ìdáhùn, yóò wò ó bóyá ìdáhùn náà bá bátànì tí a fún un mu, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege tàbí ó kùnà. Bí ìdáhùn kò bá dé láàárín àkókò tí a dá, yóò gbà pé ó ti kùnà.

LLDB kéré ní ọjọ́ orí. Ilé-iṣẹ́ Apple fi í hàn ní ọdún 2010 gẹ́gẹ́ bí apá kan LLVM, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 2000. Èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn kan tí GDB kò ní níbẹ̀rẹ̀: ìdánwò lè béèrè iye lọ́wọ́ dìbọ́gà tààrà láìjẹ́ pé ó ka ohun tí a tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. GDB náà ti ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ báyìí. Láti ẹ̀yà 7.0 ní ọdún 2009 ni a ti lè fi Python bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni LLDB tún gba irinṣẹ́ méjì tí àwọn yòókù nínú LLVM ti ń lò, lit àti FileCheck, tí ó jẹ́ kí a lè kọ àṣẹ àti ìdáhùn tí a ń retí sínú fáìlì kékeré kan ṣoṣo.

3.0 Ibi tí ìdánwò ti ń tan ni jẹ

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò kékeré kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èyí tí ó jọ ti aláṣọ Ìdúmọ̀tà:

int isiro(int iye, int owo) {
  int apapo = iye * owo;
  return apapo; // duro nibi
}
int main(void) {
  return isiro(12, 350) != 4200;
}

Aṣọ 12 ni oníbàárà rà, ₦350 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ owó jẹ́ ₦4,200. Ẹ ṣàkíyèsí ìlà kẹfà. Ètò náà ń yẹ ara rẹ̀ wò, ó sì ń fi òdo jáde bí ìṣirò bá tọ̀nà. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́ńgò pé kì í fi gààrí tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò. Omi tí ó ti wọ̀n níbòmíràn ni yóò dà sínú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ mọ òtítọ́ láti ibòmíràn kí a tó bi dìbọ́gà.

Wàyí o, ká ní ìdánwò LLDB kan béèrè iye ‘iye’, tí ó sì ń wá ‘12’ nínú ìdáhùn. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ìdáhùn tí LLDB yóò tẹ̀ jáde ni ‘(int) $0 = 12’. Ìdánwò yege. Ṣùgbọ́n kí ni ‘$0’? LLDB ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ẹnì kan bá fi ìbéèrè kún ìdánwò náà títí tí nọ́ńbà fi dé 12, ìdáhùn yóò di ‘(int) $12 = ’ pẹ̀lú iyekíye. Dìbọ́gà lè sọ pé aṣọ márùn-ún ni, ìdánwò yóò rí 12 rẹ̀, yóò sì yege. Bí ohun tí a ń wá bá jẹ́ òdo, ọ̀rọ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ pàá yóò máa rí òdo nínú ‘$0’ láìka ohun tí dìbọ́gà sọ sí. Ní ti GDB, ọ̀nà tí ó gbà ń wo ìdáhùn so òpin bátànì mọ́ òpin ìlà, nítorí náà ‘$12’ kò lè tàn án. Ṣùgbọ́n kò so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ibì kankan: ‘12’ yóò gba ‘$1 = 312’ wọlé láìbéèrè. ‘ = 12’ ni ó yẹ kí a kọ.

Ẹ̀tàn kejì ti inú àṣẹ fúnra rẹ̀ wá. Bí a bá darí gbogbo ohun tí LLDB tẹ̀ jáde sínú FileCheck, àṣẹ tí a pa yóò hàn níbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn: ‘(lldb) frame variable apapo’. Ìdánwò tí ó bá kàn ń wá ‘apapo’ ti rí i kí dìbọ́gà tó la ẹnu. Bí dìbọ́gà bá tilẹ̀ dáhùn pé òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà yóò wà nínú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. ‘No symbol "apapo" in current context.’ ni GDB máa ń sọ bí kò bá rí i. Orúkọ tí a ń wá nìyẹn láàárín ìjẹ́wọ́ pé kò sí. Mo máa ń fi èyí pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà máa ń tètè gbẹ lójú wọn, nítorí pé irú rẹ̀ máa ń wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n kó wá.

Àtúnṣe tí LLDB ṣe sí i dára lójú mi. Wọ́n dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú Python, expect_expr, tí ó ń gba irú nǹkan àti iye nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ‘int’ ni kí ó jẹ́, ‘12’ ni kí ó wà nínú rẹ̀. Kò ka ‘$’ kankan. Ó tún kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan máa ń rò pé bí ìdánwò bá ti gùn tó ni ó ṣe lágbára tó; ohun tí mo rí nínú àwọn fáìlì wọ̀nyí yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀.

3.1 Ìkùnà tí kò nídìí

Èyí tí a ti sọ ni ìdánwò tí ń yege lórí irọ́. Èkejì rẹ̀ ni èyí tí ń kùnà lórí òtítọ́, òun ni ó sì ń ba ìwà àwọn akọ-ètò jẹ́ jù. Bí ìdánwò kan bá kùnà lónìí, tí ó yege lọ́la, tí ó tún kùnà lọ́túnla láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan, àwọn ènìyàn kì í wò ó mọ́. Wọn a ní, ‘Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.’ Ọjọ́ tí àṣìṣe gidi bá dé, ẹnu kan náà ni wọn yóò fi lé e lọ.

Nọ́ńbà ìlà ni ó máa ń kọ́kọ́ dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé kí ibùdúró wà ní ìlà 3 ti so ìdánwò rẹ̀ mọ́ ohun tí kò lè dúró. Ẹlòmíràn yóò fi ìlà ìwé-àṣẹ kún òkè fáìlì, ìlà 3 yóò di ìlà 5. Ní ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ ní Ìṣàlẹ̀ Èkó, gbogbo wọn ni ó da aṣọ funfun bojú. Ẹni tí ó bá ń fi gíga tàbí ìrìn dá wọn mọ̀ yóò ṣìnà kí wọ́n tó dé Ẹnu Ọ̀wá. Akẹtẹ̀ ni àwọn ará ilé ń wò: dúdú ni ti Adímú, bó ti wù kí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ga tó. Ọ̀rọ̀ ‘duro nibi’ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kẹta nínú àpẹẹrẹ wa ni akẹtẹ̀ ìlà náà. LLDB ní iṣẹ́ kan, run_to_source_breakpoint, tí ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì, tí ó ń fi ibùdúró síbẹ̀, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ètò, tí ó sì ń dúró títí ètò yóò fi débẹ̀. Nígbà àtijọ́, nǹkan bí ìlà mẹ́wàá ni onídàánwò máa ń kọ fún iṣẹ́ yìí nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì ń gbàgbé èyí tí ó wù ú láti gbàgbé: ẹnì kan kò wò ó bóyá ibùdúró rí ibi kankan dúró sí, ẹlòmíràn kò wò ó bóyá ètò bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní báyìí, ìpè kan ṣoṣo ni. Nínú GDB, gdb_get_line_number ni ó ń bá ni wá ìlà tí a fi ọ̀rọ̀ sàmì sí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àkókò, tí àwa ní Èkó mọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni àwọn ìdánwò GDB máa ń dúró de ìdáhùn bí a kò bá yí i padà. Lórí ẹ̀rọ ńlá tí iná rẹ̀ kì í lọ, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní Ìta Fájì, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká bọ́ sórí bátìrì, ẹ̀rọ a máa dín eré ara rẹ̀ kù kí bátìrì lè pẹ́. Ìdánwò tí ó ń yege nígbà tí iná wà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Kò sí ohun tí ó ṣe dìbọ́gà. Àwọn kan a máa fi ‘sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì’ sínú ìdánwò, pé kí ètò tí a ń wò lè ráyè múra. Bí méjì kò bá tó, wọn a sọ ọ́ di márùn-ún, títí gbogbo ìdánwò yóò fi falẹ̀ bí ìgbín. Ohun tí ó tọ́ ni kí a dúró de ìṣẹ̀lẹ̀, kí a má dúró de aago. Ètò tí a ń wò lè dá fáìlì kan sílẹ̀ nígbà tí ó bá ṣetán, kí ìdánwò máa retí fáìlì náà. Tàbí kí dìbọ́gà fúnra rẹ̀ jíṣẹ́ pé ètò ti dúró. A lè fi àkókò tí ó gùn gan-an ṣe ìdákọ̀ró lẹ́yìn èyí, nítorí ẹ̀rọ tí ó bá kú pátápátá.

Àyíká náà ń dá sí i. Fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tí akọ-ètò fi ń tún ìwà dìbọ́gà ṣe sí ìfẹ́ ara rẹ̀ lè yí ìdáhùn padà. Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ GDB pẹ̀lú ‘-nx’ nínú ìdánwò, kí ó má ka fáìlì náà, tí a sì ń sọ fífẹ̀ àti gíga ojú kọ̀ǹpútà di òdo, kí ó má baà já ìlà sí méjì tàbí kí ó dúró béèrè pé ṣé kí òun máa tẹ̀ síwájú. Nọ́ńbà àdírẹ́sì inú ìrántí kò ṣeé kọ sílẹ̀ rárá, nítorí pé ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà láti dí ọ̀nà mọ́ olè. GDB àti LLDB máa ń gbìyànjú láti pa ìpààrọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ètò, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí a kì í ti gbà wọ́n láàyè. Kọ̀ǹpáílà pẹ̀lú, bí a bá ní kí ó mú ètò yára, lè gbé ‘apapo’ kúrò nínú ìrántí pátápátá. Bí kì í bá ṣe òun gan-an ni a fẹ́ dán wò, kí a ní kí ó má mú nǹkan kan yára.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń tún ìdánwò tí ó kùnà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ó bá sì yege lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbà á. Mo lòdì sí i. Dìbọ́gà tí ó ń sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta kì í ṣe dìbọ́gà tí ó dára. Ó sàn kí a fi àmì sí ìdánwò náà pé a mọ̀ pé ó ń kùnà, kí a kọ ìdí rẹ̀ sí i, kí nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. LLDB àti GDB ní ààyè fún irú àmì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń figbe ta bí ìdánwò tí a ti sàmì sí bá ṣàdédé yege.

4.0 Àkọtọ́ Yorùbá nínú ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ wa sí ọ̀rọ̀, kí a fi orúkọ ọjà náà, Ìdúmọ̀tà, sínú ètò. Lẹ́tà méje ni ojú wa rí. Nínú Unicode, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, ọ̀nà tí a lè gbà kọ orúkọ yìí ju ẹyọ kan lọ. ‘Ì’, ‘ú’ àti ‘à’ lè jẹ́ odidi lẹ́tà kan tí àmì ti wà lórí rẹ̀, tàbí kí lẹ́tà dá dúró kí àmì tẹ̀ lé e. ‘Ọ̀’ yàtọ̀. Unicode ní odidi lẹ́tà fún ‘ọ’ àti ‘ẹ’ pẹ̀lú àmì abẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àmì ohùn àti àmì abẹ́ jọ wà lára rẹ̀ lódidi. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí a bá so gbogbo ohun tí ó ṣeé so pọ̀, Ìdúmọ̀tà jẹ́ àmì-kóòdù 8, ó sì gba báìtì 14 nínú UTF-8. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀, ó di àmì-kóòdù 12 àti báìtì 17. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà tí ó ń fi báìtì wé báìtì yóò sọ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n.

Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe sí ìdánwò. Ẹni tí ó kọ ètò lè ti lo pátákó-ìtẹ̀wé tí ń so lẹ́tà pọ̀, kí ẹni tí ó kọ ìdáhùn tí a ń retí lo èyí tí ń tú u. Ìdánwò yóò kùnà, ojú àwọn méjèèjì yóò sì máa rí ohun kan náà lórí gbàgede. Orúkọ fáìlì tún wà níbẹ̀: ìlànà HFS+ tí kọ̀ǹpútà Apple ń lò fún ìpamọ́ kí APFS tó dé ní ọdún 2017 a máa tú lẹ́tà inú orúkọ fáìlì, nítorí náà fáìlì tí a pè ní ‘ọjà.c’ lè jẹ́ báìtì kan nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpáílà kí ó sì jẹ́ òmíràn lórí ẹ̀rọ. Ibùdúró kò ní rí ibi dúró sí.

Àwọn ìdánwò GDB sá fún irú wàhálà yìí nípa sísọ àyíká èdè di ‘C’, èyí tí kò mọ lẹ́tà kankan ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó mú kí ìdáhùn dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀rọ, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, ‘ẹ’ tiwa lè jáde bíi ‘\341\272\271’, ìyẹn báìtì mẹ́ta tí a kọ ní ìlànà ìpele mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé òun ti ba orúkọ jẹ́. Kò bà á jẹ́. Àbá mi ni pé kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ìdánwò àkọ́kọ́ yóò wo báìtì nìkan: a óò kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ètò bíi báìtì ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, kí pátákó-ìtẹ̀wé ẹnikẹ́ni má lè dá sí i, a óò sì wò ó bóyá dìbọ́gà kà wọ́n pé. Ìdánwò kejì yóò wo bí lẹ́tà ṣe hàn, yóò sọ àyíká èdè di UTF-8 fúnra rẹ̀, yóò sì so lẹ́tà ìhà méjèèjì pọ̀ ní ìlànà kan náà kí ó tó fi wọ́n wéra. Bí àkọ́kọ́ bá yege tí èkejì sì kùnà, a ti mọ̀ pé ojú ni ó ń dun dìbọ́gà, kì í ṣe ọpọlọ.

5.0 Dídán ìdánwò wò

Ìdánwò tí kò kùnà rí, a kò tíì mọ ohun tí ó ń dán wò. Nígbà tí a bá tún àṣìṣe kan ṣe nínú dìbọ́gà, kí a kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tuntun náà lórí dìbọ́gà tí a kò tíì tún ṣe. Bí ó bá yege níbẹ̀, ìdánwò náà kò wúlò, bó ti wù kí ó gún régé tó. Àwọn tí ó ní sùúrù a máa mọ̀ọ́mọ̀ ba ìlà kan jẹ́ nínú dìbọ́gà láti wò ó bóyá ìdánwò yóò figbe ta. Iṣẹ́ yìí kì í gba ẹ̀rọ ńlá. Kíkọ́ LLVM látìbẹ̀rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì àti wákàtí iná tí kò sí, ṣùgbọ́n a lè fi LLDB tí a ti kọ́ sílẹ̀ gbìyànjú àwọn àṣẹ tí a fẹ́ fi sínú ìdánwò, kí a tó wá ẹ̀rọ tí ó lágbára yá. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni gbogbo iṣẹ́ LLVM ti wà lórí GitHub, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka àwọn ìdánwò náà, kí ó sì mú tirẹ̀ wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìdúmọ̀tà àti èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ariwo àwọn oníbàárà rọlẹ̀. Ètò aláṣọ náà lé ní ìlà ẹgbẹ̀rún méjì. A ń gé e kúrò díẹ̀díẹ̀, a sì ń wò ó lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan bóyá dìbọ́gà ṣì ń pa irọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà wá, nítorí iná. Ìlà méje tí mo kọ sókè yìí ni ó ṣẹ́ kù. A kọ ìdánwò sí i pé kí ‘apapo’ jẹ́ ‘int’, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ 4200 níbi tí a kọ ‘duro nibi’ sí. Dìbọ́gà àtijọ́ sọ pé òdo ni, ìdánwò kùnà; èyí tuntun sọ pé 4200 ni, ó sì yege. Nígbà náà ni ó padà lọ dá ìlà tí ó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù padà sí bí ó ṣe wà.